Kéèkì Tí A Kọ Orúkọ Salvör Sí

Òfin méjì péré ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rú nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Skálavogur. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìyẹ̀fun. Bí ènìyàn bá kú lábúlé wa, àwa ẹgbẹ́ la máa ń ṣe kéèkì, àwa la máa ń se kọfí, àwa la máa ń fọ abọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún àwọn ará òkú ni kí wọ́n jókòó kí wọ́n sunkún wọn. Òfin kejì, Salvör ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀ lọ́dún tó di alága: ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wọ inú fírísà gbọ̀ngàn wa láìjẹ́ pé a lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn, ká kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ohun tí a fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ tí a sè é. "Èyí tí kò bá lórúkọ," ló máa ń wí, "kannakánná ni n ó dà á fún." Kì í ṣe àfẹnujẹ́. Ọdún kan, odidi itan àgùntàn Hallfríður ló fi bọ́ wọn, Hallfríður kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí Kérésìmesì fi kọjá.

Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́, obìnrin mẹ́tàlélógójì ni wá. A ní gbọ̀ngàn, a ní agolo kọfí tó tó ìyá ewúrẹ́, a sì ń hun ìbọ̀wọ́ fún gbogbo ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹja pa, àwọn ọmọ kó lọ sí Reykjavík, olú-ìlú wa, àwọn ilé di ibi tí àlejò ń wá sùn nígbà ooru. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ku ẹni mẹ́ta: Salvör alága, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, Hallfríður, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ, àti èmi Jórunn, tí mo kéré jù nínú wọn ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìwé ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ sọ pé bí a kò bá pé mẹ́ta mọ́, ẹgbẹ́ ti parí nìyẹn, gbọ̀ngàn á di ti ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà sì máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní Ọjọ́ Kìíní Ìgbà Ooru, èyí tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kẹrin tí yìnyín ṣì bo ilẹ̀ dé orúnkún. Ẹ má bi mí léèrè. Àwọn baba wa ló fún un lórúkọ, bóyá wọ́n ń fi ṣe àdúrà ni. Salvör kò ní ọ̀rọ̀ méjì mọ́ ju ọjọ́ yẹn lọ. Ó ní òun á gbé àsíá jáde, òun á pe gbogbo ọmọ abúlé tó ti kó lọ, òun á sì rí i pé obìnrin kan ó kéré tán wọlé sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. "N ò ní kú ṣáájú rẹ̀," ó wí fún mi. "Tí ikú bá dé, màá ní kó lọ jókòó ní pálọ̀ kó dúró dè mí."

Nínú oṣù kìíní ni ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni, kò lágbára mọ́. Wọ́n gbé e kọjá òkè lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tí àwa fúnra wa rà fún wọn nígbà kan, tí orúkọ ẹgbẹ́ wa wà lára irin orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Eydís ọmọ rẹ̀ fi fóònù pè mí láti Reykjavík.

"Jórunn, dókítà ní ká múra sílẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan, bóyá méjì. Wọn ò ní sọ fún Mama, kò béèrè. Mo kàn ní kí n sọ fún ẹ, kí ìwọ àti Hallfríður lè... ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, ọmọ mi," ni mo wí. Ó sì yé mi lóòótọ́. Nílé wa, bí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ múra sílẹ̀, ìyẹ̀fun ni wọ́n ń sọ.

Mo sọ ọ́ fún Hallfríður, mo sì rò pé a ṣì ní àsìkò. Hallfríður ló dé sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú bọ́tà nínú àpò.

"Gbé aṣọ ìdáná rẹ, ká lọ."

"Lọ síbo?"

"Gbọ̀ngàn. Kéèkì onípele la fẹ́ ṣe."

"Hallfríður, obìnrin yẹn ṣì ń mí! Ta ló ń gbẹ́ kòtò de aláìsàn?"

"Ìyẹ̀fun ò mọ ẹni tó kú àti ẹni tí ò kú," ó wí. "Gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ la ìbàdí mi ní Reykjavík. N ò ní padà dé títí ìgbà tí Ọlọ́run bá mọ̀. Ta ló máa na ìyẹ̀fun pípò yẹn di pẹlẹbẹ? Ìwọ tí ọrùn-ọwọ́ rẹ ń dún kàkà bí ilẹ̀kùn àtijọ́?"

"Mo lè ṣe páńkéèkì."

"Páńkéèkì! Salvör ló ṣe kéèkì òkú fún gbogbo abúlé yìí fún ogójì ọdún, o wá fẹ́ fi páńkéèkì sin ín? Tàbí ká ra ti ṣọ́ọ̀bù? Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Ká ra ti ṣọ́ọ̀bù?"

Láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín díẹ̀, a kò tíì gbé kéèkì ṣọ́ọ̀bù ka iwájú ọlọ́fọ̀ rí. Kéèkì onípele kì í sì í ṣe ohun tí à ń sè lónìí ká jẹ lọ́la. Pẹlẹbẹ márùn-ún ni, tó tinrín bí àtẹ́lẹ́sẹ̀ bàtà, a ó fi jáàmù sáàárín wọn, a ó wé e pinpin. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ó le bí igi. Ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan kí omi jáàmù lè wọ̀ ọ́ lára. Mo gbé aṣọ ìdáná mi.

A ṣe é láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò pẹ́ wọ̀ náà. Jáàmù rabarbari, ewéko kíkan tí a ń fi ṣúgà sè, èyí tí Salvör fúnra rẹ̀ sè lẹ́yìn ooru, láti inú ọgbà ẹ̀yìn ilé rẹ̀, la lò. Hallfríður ń na ìyẹ̀fun, ó ń gbin nítorí ìbàdí rẹ̀.

"Fi kànáfùrù sí i," ó wí. "Ó fẹ́ràn kànáfùrù."

"Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀," ni mo dáhùn.

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

Mẹ́rin ló jáde. A wé wọn sínú bébà dídán, mo gbé wọn lọ sí ẹnu fírísà. Ibẹ̀ ni mo ti dúró pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò ronú rárá. Ogójì ọdún ni obìnrin kan ti ń pariwo lé mi lórí pé kí n kọ orúkọ, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo kọ ọ́ sára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: *Salvör. Ìsìnkú. Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní.* Mo tò wọ́n sí ìsàlẹ̀, mo pa ìdérí dé.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, fóònù dún.

"Jórunn, wá mú mi kúrò níbí o. Ẹja tí wọ́n ń fún mi jẹ níbí, ìbànújẹ́ ló pa á, kì í ṣe àwọ̀n."

"Salvör?"

"Ta lo tún ń retí? Dókítà ní òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kó ka ìwé sí i. Sọ fún Bárður aládùúgbò mi pé kó fi ọkọ̀ yìnyín rẹ̀ gbé mi kọjá òkè lọ́jọ́bọ̀, kó má fìyẹn gbowó lọ́wọ́ mi, mo mọ ìyá rẹ̀."

Mo sunkún ayọ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Mo pe Hallfríður lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti la ìbàdí rẹ̀ ní Reykjavík. Ó ní: "Kéèkì yẹn, Jórunn. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Lónìí."

"Mo ti gbọ́."

Mo gbọ́, n kò sì yọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ìjì ni, nítorí ìjì jà lóòótọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìjì náà tán. Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti da kéèkì tó dára báyẹn nù. Mo ní màá já ìwé ara rẹ̀, màá kọ "Ọgọ́rùn-ún Ọdún" rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu fírísà yẹn tí mo ṣí i. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ inú mi lọ́hùn-ún, ohùn kan ń sọ pé obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ọkàn tó dákú lẹ́ẹ̀kan á tún dákú, Hallfríður kò lè na ìyẹ̀fun mọ́, a ṣì máa lò ó. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo ro èyí. Mo pa ìdérí dé lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Salvör dé bí ẹni tó ti ogun dé. Ó ti rù, awọ ọrùn rẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ló fi ń wọn ìrìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà Bárður. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé ilé aláwọ̀ pupa tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń pè mí bó bá ti padà wọlé, á máa mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀: "Jórunn, ṣọ́ọ̀ṣì lónìí o! Kí ikú lọ wá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀!" Ó ti kọ lẹ́tà sí ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Eydís ti ṣèlérí pé òun gan-an máa wọ ẹgbẹ́, òun á máa wá láti Reykjavík. Salvör kà á fún mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ṣe bí ẹni pé n kò tíì gbọ́ ọ rí.

Gbọ̀ngàn ló kàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀. Mo ní lọ́jọ́ Ajé ni màá lọ palẹ̀ fírísà mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mò ń bó ànàmọ́, mo gbójú sókè, mo rí i láti ojú fèrèsé pé wọ́n ti tan iná nínú ilé ìdáná gbọ̀ngàn. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò wọ ẹ̀wù òtútù, n kò wọ ìbọ̀wọ́, mo sáré bí arúgbó ṣe lè sáré.

Salvör jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà. Ó ti to ife kọfí sórí tábìlì ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ti ń kà wọ́n fún ayẹyẹ. Kéèkì kan wà lórí itan rẹ̀.

"Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ò tíì dára síbẹ̀," ó wí.

"Salvör..."

"Mo wá wo bóyá àyè wà fún ẹja ayẹyẹ ni." Ó fi ìka nu yìnyín kúrò lójú ìwé náà. "Pẹlẹbẹ mélòó?"

"Márùn-ún."

"Jáàmù wo lẹ lò?"

N kò lè purọ́. "Tìrẹ. Ti ọgbà rẹ."

"Ẹ ṣe é dáadáa." Ó mi orí. "Kànáfùrù ńkọ́?"

"Hallfríður fi sí i. Salvör, gbọ́, Eydís ló pè, dókítà ló ní..."

"Mo mọ ohun tí dókítà máa ní." Ó tún ka ìwé náà. "Ọjọ́ kọkàndínlógún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé ìyàgbẹ́. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní kí n pè ọ́ kí n sọ fún ọ, fóònù dún títí, ẹ ò sí nílé, ìwọ àti Hallfríður."

Mo na ọwọ́ kí n gba kéèkì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Láti oṣù kìíní," ó wí. "Mo ti dé ilé láti oṣù kejì, Jórunn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. O rí mi lójoojúmọ́. Ò ń pàtẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù. Kí ló dé tó ṣì wà níbí?"

Mo wo ilẹ̀. Ó dúró de ìdáhùn títí ó fi yé e pé dídákẹ́ tí mo dákẹ́ ni ìdáhùn náà.

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ fírísà, ó sì dá kéèkì náà padà sáàyè rẹ̀, ó tò ó kó gún pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù. Ó pa ìdérí dé. "Bárður ni kó gbé mi délé," ó wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Kò to ife wọ̀nyẹn padà. Èmi ni mo tò wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọ̀kan nínú kéèkì náà lọ sílé rẹ̀. Mo ti já ìwé ara rẹ̀ dànù. Mo se kọfí, mo gbé ọ̀bẹ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, èmi tí orúnkún mi kì í gbà.

"Jẹ́ ká jẹ ẹ́," ni mo bẹ̀ ẹ́. "Èmi àti ìwọ. Ká jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kó parí. Aṣiwèrè ni mí, Salvör. Bú mi. Gbá mi létí."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó da wàrà nù. Kò tilẹ̀ bínú mọ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

"Tí a bá jẹ ẹ́ tán," ó wí, "kí ni wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà? Hallfríður ń fi igi rìn. Ọwọ́ rẹ ò gbà. Ṣé kéèkì ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ gbé síwájú àwọn ènìyàn mi?"

"Ọjọ́ wo? Ọjọ́ kankan ò sí! Ọgọ́rùn-ún ọdún la ń múra fún!"

"Gbé e padà, ọ̀rẹ́ mi. Sì tún ìwé ara rẹ̀ kọ. O mọ òfin."

Láti ọjọ́ náà, kò jáde mọ́. Kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò dé ilé pupa, kò dé ẹnu ọ̀nà Bárður. Ó ń gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì ń rí wọn lẹ́yìn náà nínú ìkòkò òdòdó. Àwọn lẹ́tà ìdáhùn ń dé, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì láìṣí wọn. Bí mo bá mú ọ̀kan láti kà fún un, á ní ojú ń ro òun. Mo gbé ẹja lọ, mo gbé ọbẹ̀ ẹran lọ, mo gbé gbogbo àwàdà tí mo mọ̀ láyé lọ. Ó ń sọ pé "o ṣeun," ó ń yí ojú sí ògiri.

Eydís pè mí. "Jórunn, kí ló ṣe Mama? Ara rẹ̀ ti yá! Dókítà ní ọkàn ò tíì burú. Ó ní òun ò mọ̀."

"Òtútù ni, ọmọ mi," ni mo wí. "Oṣù kẹta kò dára fún arúgbó."

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Wọn kò sọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí kò lọ́jọ́, tí àwa fọwọ́ ara wa kọ ọjọ́ fún. Ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, nínú oorun, ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ẹgbẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó kọ̀wé sí, mẹ́tàléláàádọ́ta ló wá síbi òkú rẹ̀. Gbọ̀ngàn kò tíì kún báyẹn láti ogún ọdún. Hallfríður ń fi igi rìn, ó ń bu kọfí. Èmi ni mo gé kéèkì. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wá kí wa, ó jẹ ègé méjì, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá òun lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ nígbà tí a bá fọ abọ́ tán, nítorí a kò pé mẹ́ta mọ́. Hallfríður wò ó títí ó fi lọ jókòó.

Gbogbo ènìyàn ló ń yin kéèkì náà. "Kéèkì tó sinmi dáadáa rèé," ni àlùfáà wí. "Ó rọ̀ dé inú. Salvör gan-an ì bá yìn yín."

Eydís wá bá mi lẹ́nu tábìlì pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú. Ó ti jẹ ìdajì. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Jáàmù Mama ni, àbí? Mo mọ̀ ọ́n." Ó tún bù ú jẹ. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ọmọ Salvör ni, inú ilé ìdáná yìí ló dàgbà sí. "Jórunn, Hallfríður ò lè dúró na ìyẹ̀fun láti oṣù kìíní. Ìgbà wo lẹ rí ṣe èyí?"

Mo ti purọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. N kò ní okun fún ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní," ni mo wí. "Lọ́jọ́ kejì tí o pè mí."

Mo rí i bó ṣe ń ka ọjọ́. Mo rí i bó ṣe dé ibi tí ó dé.

"Ṣé ó rí i?"

"Ó rí i. Ó ti ń rìn dé gbọ̀ngàn nígbà náà."

Ó gbé ègé náà kúrò lẹ́nu, ó gbé e sórí àwo. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wò ó, ọlọ́fọ̀ tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó tún mú un, ó sì jẹ ẹ́ tán, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Lẹ́yìn náà ó gbé ègé mìíràn lórí àtẹ, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ náà jẹ," ó wí.

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.